Ta Ló Ní Kí O Fi Ọsibítù Sílẹ̀ Nítorí Hábátù-Sáúdà?

  

 Ọ̀rọ̀ sàká la ti wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti ṣèlérí pé lọ́sẹ̀ yìí a ó sọ ti sàká ẹran ọ̀sìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn dúró ná. Arábìnrin wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ó ní òun fọwọ́ kan kókó kan ní ọyàn òun òsì nígbà tí òun ń wẹ̀. Ó lọ sí ọsibítù. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà. Wọ́n fún un ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní lẹ́yìn náà á gba kímò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi mú àfáà kan wọlé. Àfáà gbé báàgì kalẹ̀: òróró hábátù-sáúdà ìgò mẹ́fà, oyin ìgò mẹ́ta, ewé ṣáwáṣọ́ọ̀pù gbígbẹ, àti kápúsù kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń fún àwọn ọmọ ogun ara lágbára. Ó ní oṣù mẹ́ta péré, kókó náà á yọ́. Ó ní bí abẹ bá kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa fọ́n káàkiri. Ó ní kímò ló ń pa èèyàn, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tó dùn mí jù ló wá fi parí rẹ̀: ó ní ẹni tó bá gba hadíìsì Ànábì gbọ́ kò ní í wá ìwòsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́ lẹ́yìn tó ti rí hábátù-sáúdà.

Arábìnrin yìí wá ń bi mí pé: "Àfáà, ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré ni?"

Rárá o. Ìgbàgbọ́ rẹ kò kéré. Lọ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ. Mo fi ìdáhùn ṣáájú àlàyé kí ẹni tí kò ní àkókò láti kà á tán lè mú ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó jókòó tì mí.

Ẹ má rò pé ọ̀tá hábátù-sáúdà ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi tà á rí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tà á lórí tábìlì kékeré lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní Ọ̀yọ́ níbí, pẹ̀lú oyin, tẹ̀sùbáà àti lọ́fíndà. Mo ṣì ń lá a títí di òní, ṣíbí kan láàárọ̀ pẹ̀lú oyin. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán. Òun ló ń bọ́ mi nígbà tí mo wà nílé kéwú. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó ní ohun kan le ní ọyàn òun, kò ju èkùrọ́ lọ, kò sì dun òun. Mo gbé òróró hábátù-sáúdà fún un. Mo ní kó máa mu ún, kó sì máa fi pa ojú ibẹ̀. Mo ka Fátíhà sí i. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rò pé oore ni mo ṣe.

Oṣù mọ́kànlá la fi wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ní ó ń tóbi, máa ní kó fi kún òróró náà. Nígbà tí awọ ibẹ̀ bẹ́, tó ń ṣomi, ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tó rí i kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?" Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì wojú mi. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ti dé eegun ẹ̀yìn. Inú oṣù Ramadan la sin wọ́n. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá le lónìí, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí hadíìsì náà, torí òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wa. Òtítọ́ ni hadíìsì yẹn. Ó wà nínú Bukhari, ó wà nínú Muslim: Ànábì wa jẹ́ kí á mọ̀ pé ìwòsàn fún àrùn gbogbo wà nínú hóró dúdú yìí, àfi ikú nìkan. Mi ò jiyàn rẹ̀, Mùsùlùmí kan ò sì gbọdọ̀ jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wa pé kí á ṣí hadíìsì kan ṣoṣo sílẹ̀ kí á sì pa ìyókù dé? Àwọn onímọ̀ ti jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí lórí kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Al-Khattabi sọ pé ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ohun tó ń tọ́ka sí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ewéko kan tí Ọlọ́hun kó gbogbo agbára tó lè kojú gbogbo àìsàn sínú rẹ̀. Ibn Hajar, ẹni tó ṣàlàyé Bukhari, tó kú ní ọdún 1449, gbé ọ̀rọ̀ yìí wá nínú Fath al-Bari. Òun náà ṣàlàyé pé nígbà mìíràn a lè lò ó lásán, nígbà mìíràn a ó pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe fẹ̀ gẹ́lẹ́, mi ò fi wọ́n pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ta ló ní kí á lé oníṣègùn jáde?

Ẹnu Ànábì kan náà ni ọ̀rọ̀ ti wá nígbà tí àwọn ará oko bi í bóyá kí àwọn máa lo oògùn. Ó ní kí wọ́n lò ó, pé Ọlọ́hun ò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá. Ẹ tún gbọ́ èyí tó wà nínú Muslim: Ubayy ibn Ka'b, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ Al-Kùránì jù nínú sàábé, ṣàìsàn. Ànábì rán oníṣègùn sí i. Oníṣègùn gé iṣan rẹ̀, ó sì fi iná jó ojú ibẹ̀. Abẹ àti iná! Ṣé hábátù-sáúdà kò sí ní Mẹ̀dínà lọ́jọ́ náà ni? Ṣé ìgbàgbọ́ Ubayy ló kéré ni?

Hadíìsì kẹta wà tí mi ò gbọ́ kí àfáà olóògùn kan kà rí lórí rédíò. Ó wà lọ́dọ̀ Abu Dawud, Nasa'i àti Ibn Majah. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ń wo aláìsàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ ìwòsàn tẹ́lẹ̀, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ ló wà. Àwọn onímọ̀ fíkìhì gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀: bí aláìsàn bá kú sí i lọ́wọ́, á san owó ẹ̀jẹ̀. Ìwọ àfáà tó gbé báàgì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé o ti ka èyí? Èmi kò tíì kà á lọ́jọ́ tí mo fún àbúrò bàbá mi lóròóró. Mo ti kà á báyìí, mo sì mọ ohun tó wà lọ́rùn mi.

Àwọn kan á ní, "Àfáà, àwọn òyìnbó fúnra wọn ti rí i nínú ìwádìí pé ó ń pa jẹjẹrẹ." Òtítọ́ kan wà nínú ìyẹn. Èròjà kan wà nínú hábátù-sáúdà tí wọ́n ń pè ní thymoquinone. Nílé àyẹ̀wò, bí wọ́n bá da á lé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́, ó ń pa wọ́n. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lára eku náà. Ṣùgbọ́n omi híìpò tí ìyàwó rẹ fi ń fọ aṣọ funfun, òun náà ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́. Iyọ̀ ń pa á bó bá pọ̀ tó. Ohun tó ṣòro ni kí nǹkan gba ẹnu wọlé, kó la inú kọjá, kó la ẹ̀dọ̀ kọjá, kó ṣẹ́kù tó iye tó lè ṣiṣẹ́, kó dé ibi tí kókó wà, kó pa jẹjẹrẹ kó sì dá ara tó kù sí. Títí di òní, kò sí ìwádìí lára èèyàn tó fi hàn pé òróró hábátù-sáúdà nìkan wo jẹjẹrẹ ọyàn ẹnikẹ́ni sàn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ó wà, ní kó mú un wá.

Ẹ sì wo ohun tó yà mí lẹ́nu. Àfáà yẹn ní kímò jẹ́ májèlé òyìnbó, pé ewé ni tiwa. Òdòdó kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé gbìn sí ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn mìíràn funfun, tí wọ́n ń pè ní periwinkle. Erékùṣù Madagascar ni orírun rẹ̀. Àwọn èèyàn Jamaica ń se ewé rẹ̀ mu fún ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fi ewé náà ránṣẹ́ sí Kánádà, níbi tí Robert Noble àti Charles Beer ti yẹ̀ ẹ́ wò ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Kò ṣe bẹbẹ fún ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù lára ẹranko. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn vinblastine, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn rí vincristine lára òdòdó kan náà. Vincristine yìí wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jà nílẹ̀ adúláwọ̀, èyí tí Denis Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958. Òmíràn tó ń jẹ́ paclitaxel, èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i ní 1992, wọ́n sì ń fi wo jẹjẹrẹ ọyàn. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú ohun tí wọ́n máa fà sí ọ lára, arábìnrin mi. Ewé àti èèpo igi ni ọsibítù ń lò! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó ń bá lára mu, wọ́n sì mọ ẹni tó lè pa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ já òdòdó ẹnu ọ̀nà sè o. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé ni wọ́n ń fún kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba oògùn kékeré nínú rẹ̀, májèlé sì ni bí kò bá níwọ̀n.

Ẹ tún padà wo ìtàn yẹn. Kí ni ewé náà ṣe? Ó dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Ẹ̀jẹ̀ funfun ni àwọn ọmọ ogun ara tí kápúsù àfáà ní òun fẹ́ fún lágbára. Ọ̀rọ̀ "ọmọ ogun ara" yìí ti di orin lẹ́nu àwọn olóògùn, a fi ń rò pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ara á ṣe yá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò bí ibà. Ọmọ ilé ni. Sẹ́ẹ̀lì ara rẹ fúnra rẹ ló ya pòókíì. Àwọn ọmọ ogun á kọjá lára rẹ̀, wọ́n á rò pé ará ilé ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú wọn sùn. O lè fi ọmọ ogun ẹgbẹ̀rún kún un, bí wọn ò bá dá olè mọ̀, ìmúlẹ̀mófo ni. James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Japan gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 nítorí pé wọ́n rí ìjánu tó ń fa àwọn ọmọ ogun yìí sẹ́yìn, tí èèyàn lè tú. Oògùn tó ti inú rẹ̀ jáde ti ṣe ọ̀pọ̀ aláìsàn lóore. Bẹ́ẹ̀ náà ló lè mú kí àwọn ọmọ ogun kọjú ìjà sí ìfun àti ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún, débi pé wọ́n á máa ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ ọmọ ìkókó.

Ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun gan-an ló di olè. Ẹ̀jẹ̀ funfun ni jẹjẹrẹ. Bí ọlọ́dẹ bá di adigunjalè, ṣé ọta la ó tún máa rà fún un? Ẹni tó ń ta kápúsù kan náà fún onírúurú jẹjẹrẹ kò tíì béèrè èyí tó ń ṣe ẹ́.

Mi ò sọ pé ọgbọ́n fífún ara lágbára kò sí. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun wa nítorí ikọ́ ife, òun ni wọ́n ń dà sínú àpò ìtọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ ibẹ̀ kò tíì wọ ẹran, ó sì ń jí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ dìde. Ní Japan, ní 1977, wọ́n fọwọ́ sí èròjà kan tí wọ́n yọ lára olú tó ń hù lára igi jíjẹrà, wọ́n ń pè é ní PSK, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ikùn àti ti ìfun. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà náà: wọ́n á gé kókó kúrò, wọ́n á fún un ní kímò, olú á wá tẹ̀ lé e. Olú kò rọ́pò abẹ. Ọ̀nà tó yẹ nìyẹn, èmi ò sì bá a jà.

Ìwádìí wà lórí àwọn tó fi èyí rọ́pò ìyẹn. Ní 2018, àwọn dókítà láti yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà wo àkọsílẹ̀ èèyàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì rìn jìnnà, tí wọ́n kọ ọsibítù, tí wọ́n mú oògùn mìíràn nìkan. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ìtọ́jú ọsibítù. Ewu ikú àwọn tó kọ ọsibítù jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ní ti jẹjẹrẹ ọyàn, ó lé ní ìlọ́po márùn-ún. Ìlọ́po márùn-ún, arábìnrin mi! Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tún wo àwọn tó pa méjèèjì pọ̀. Níbẹ̀ náà, ewu ikú jẹ́ ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n tú u wò, kì í ṣe ewé ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mu ewé ló kọ apá kan nínú ìtọ́jú: wọ́n gba abẹ, wọ́n kọ kímò, wọ́n gba kímò, wọ́n kọ ìtànṣán. Ẹni tó ní òun ń ṣe méjèèjì, kó wo ara rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń ṣe méjèèjì lóòótọ́.

Nílẹ̀ wa níbí, àjọ àgbáyé tó ń ṣírò jẹjẹrẹ fojú bù ú pé ní 2022, 127,763 èèyàn ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, 79,542 ló sì bá a lọ. Kí ló fà á tí ikú fi pọ̀ tó báyìí? A máa ń pẹ́ dé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ mọ èyí. Al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ Mùsùlùmí ti ilẹ̀ Andalus, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí jẹjẹrẹ bá ṣì kéré, tó sì wà níbi tí ọwọ́ lè tó, bí ọyàn, kí á gé e kúrò pátápátá. Bó bá ti dàgbà tó ti tóbi, kí á má sún mọ́ ọn, nítorí òun kò rí i wò sàn rí. Ẹgbẹ̀rún ọdún rèé. Mùsùlùmí ló kọ ọ́, ìmọ̀ tiwa ni, kì í ṣe ti òyìnbó.

Ó kù nípa ohun tó o lè fi kún ìtọ́jú rẹ, torí mo mọ̀ pé o máa fi nǹkan kún un. Atalẹ̀: wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára èèyàn 576 tó ń gba kímò, wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2012, ìwọ̀nba rẹ̀ díẹ̀ dín ìrìndọ̀ kù, pẹ̀lú oògùn èébì tí dókítà fún wọn. Oyin, tí Ọlọ́hun dárúkọ ìwòsàn nínú rẹ̀ ní Suuratu Nahl: àwọn dókítà ní Malaysia fi ra ẹnu àwọn tí ìtànṣán bó lẹ́nu, ó sì dín egbò náà kù fún wọn. Bi dókítà rẹ kí o tó lá a ní àkókò kímò o, nítorí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ á lọ sílẹ̀, ohun tí kò gbóná lórí iná rí lè gbé kòkòrò wọlé. Rukiya, àdúà, ìrun òru, rírìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: kò sí dókítà tó máa kọ ìyẹn.

Oúnjẹ ńkọ́? Ibí ni inú mi ti ń ru. Wọ́n á ní kó má jẹ ẹran, kó má jẹ ẹyin, kó má jẹ ẹja, kó máa mu omi ewé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ara rẹ̀, tó nílò ohun tó máa fi tún ara kọ́! Mo ti rí aláìsàn tó jẹ́ pé ebi ló ń lù ú mọ́lẹ̀ ju jẹjẹrẹ lọ. Jẹ ẹ̀wà. Jẹ ẹja. Jẹ ẹyin tó jinná. Jẹ wàrà Fúlàní bí wọ́n bá ti sè é dáadáa. Bí Ramadan bá bá ọ níbẹ̀, má gbààwẹ̀. Ọlọ́hun ló yọ̀ǹda fún aláìsàn, ta wá ni èmi tàbí ìyá ọkọ rẹ láti gbà á padà?

Ní ti ewé ṣáwáṣọ́ọ̀pù, gbé e jù sílẹ̀. Ní erékùṣù Guadeloupe, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń mu àgbo rẹ̀ gan-an, àwọn oníṣègùn ti ń rí àìsàn ìgbọ̀nrìrì tó jọ Parkinson láti ọdún 1999, wọ́n sì so ó mọ́ èròjà kan tó wà nínú èso àti ewé náà. Aáyù púpọ̀ àti ata ilẹ̀ pupa oníkápúsù, jáwọ́ nínú wọn kí iṣẹ́ abẹ tó dé, nítorí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kápúsù náà ńkọ́? Wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀: àjọ náà máa ń ní kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, mi ò ní fi tiyín sílẹ̀. Ẹ mọ ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń gbé ìgò pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí? Torí ẹ máa ń jágbe mọ́ wọn ni. Ẹ béèrè jẹ́jẹ́ kí ẹ gbọ́ òtítọ́. Àfáà tó ń ṣìnà fi ìjókòó wákàtí kan gbà wọ́n lálejò, ó pè wọ́n ní ìyá mi, ó gbàdúrà fún wọn. Ẹ̀yin fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìwé tí wọn ò lè kà. Ta lẹ rò pé wọ́n máa tẹ̀ lé?

Owó náà kò kéré, mo mọ̀. Ẹni tó bá ń gba ìtànṣán ní láti máa lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí láti ọdún yìí wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí níbo ni kí ẹ gbé sàká yín sí, ṣé ẹ rí i pé mi ò kúrò lórí sàká náà? Aláìsàn tí kò lówó kímò wà nínú àwọn tí Al-Kùránì dárúkọ: òtòṣì ni, aláìní ni.

Ẹnì kan tún ní ọsibítù Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti onígbàgbọ́, pé kí Mùsùlùmí má lọ síbẹ̀. Láti 1907 ni àwọn Bàbátíìsì ti ń wo aláìsàn níbẹ̀. Ìdajì àwọn tó ń pe ìrun ní Tàkíé, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò sì tíì di Bàbátíìsì. Bí ìyẹn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ti LAUTECH wà nínú ìlú kan náà.

Arábìnrin mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fún ọ. Kó àwọn ìgò náà sínú báàgì, má fi ọ̀kan pamọ́. Kó wọn lé orí tábìlì dókítà, sọ pé, "Èyí ni wọ́n fún mi, èwo ni kí n jù nù, èwo ni kí n dá dúró, títí dìgbà wo?" Jẹ́ kí ọkọ rẹ wà níbẹ̀ kó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àbúrò rẹ̀ náà ti gbà láti tẹ̀ lé yín. Èmi á kúrò ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ìrun Àsúbáà. Bí ọ̀nà bá gbà, máa dé kí wọ́n tó gbé ọ wọlé.